Ẹ Má Fi Owó Àjọ Ra Ẹjọ́: Ọ̀rọ̀ Ilẹ̀ àti Ilé ní Agbègbè Ọmọ́lé

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ gbogbo, ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Kò sí ẹni tó ń ta ata ní Ògbà, tó ń ránṣọ ní Agége, tàbí tó ń jó irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Òjodù, tí kì í gbàdúrà pé kí Ọlọ́run yọ òun kúrò lábẹ́ onílé, kí òun náà di lándílọ́ọ̀dù. Àdúrà rere ni. Kò sì burú bí ènìyàn bá dá àjọ fún ọdún márùn-ún, ọdún mẹ́wàá, nítorí ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì. Ohun tó burú ni kí ó kó gbogbo owó àjọ ọ̀hún fún ẹni tí kì í ṣe olóhun, kó wá máa fi ìyókù ayé rẹ̀ lọ, kó máa fi bọ̀, láàárín ilé lọ́yà àti kọ́ọ̀tù.

Ọmọ́lé tí gbogbo ayé mọ̀ yìí, méjì ni. Phase 1 wà lápá Òjodù àti Ògbà. Phase 2 wà ní òdìkejì títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, lápá Olówóra àti Ìṣẹrì. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ló gé ilẹ̀ ibẹ̀ sí púlọ́ọ̀tì, tó la ọ̀nà sí i, tó sì pín in fún àwọn tó lágbára. Géètì wà níbẹ̀, ọlọ́dẹ wà níbẹ̀, ẹni tí kò bá ní ẹni tó fẹ́ rí, wọn ò ní jẹ́ kó wọlé. Àmọ́ ẹ wo ìta ògiri rẹ̀. Ibẹ̀ ni ilé oníyàrá kọ̀ọ̀kan tó kọjú síra wọn wà, tí ayálégbé mẹ́wàá ń lo ilé ìdáná kan. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn òǹkàwé ìwé ìròyìn yìí ń gbé, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ń wá ilẹ̀ sí.

Kí ló mú kí ilẹ̀ ibẹ̀ wọ́n tó bẹ́ẹ̀? Iṣẹ́ ni. Láyé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́, ní àwọn ọdún 1950, ni wọ́n ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé iṣẹ́ ní Ìkẹjà. Guinness bẹ̀rẹ̀ sí í pọn bíà níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Cadbury náà dé sí Àgídìngbì. Nígbà tí wọ́n ṣí títì márosẹ̀ ní 1978, tí iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ sì kó wá sí Aláùsá, ó parí. Gbogbo ẹni tó ń jáde ní síìfù òru ló ń wá yàrá tó lè fẹsẹ̀ rìn dé. Owó orí yàrá yìí ló gbé ọ̀pọ̀ lándílọ́ọ̀dù Ògbà àti Òjodù dìde.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé ohun tó gbé ènìyàn dìde lè jókòó. Ní 2008, Dunlop dá ṣíṣe táyà dúró ní Ìkẹjà. Àwọn òṣìṣẹ́ lọ sílé. Ẹ bi àwọn onílé tí òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo kún inú ilé wọn bóyá owó ilé wọlé lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ń kọ́lé fún àyágbé, kó kọ́ èyí tí alágbàfọ̀, olùkọ́, awakọ̀ àti òṣìṣẹ́ banki lè jọ gbà.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a padà sórí ilẹ̀ gan-an. Ní March 29, 1978, ìjọba ológun Ọbásanjọ́ ṣe òfin ilẹ̀ kan tó dé gbogbo Nàìjíríà. Òfin náà fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, kó máa bójú tó o fún gbogbo ará ìlú. Látìgbà náà, ẹni tó bá ra ilẹ̀ tó ti ní C of O, gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ó tó di tirẹ̀ pátápátá. Gómìnà sì lè gba ilẹ̀ padà bí ìlú bá nílò rẹ̀. Owó gbà-máà-bínú tí òfin yìí sọ pé kí wọ́n san, orí ilé àti irè tó wà lórí ilẹ̀ ló dá lé, kì í ṣe orí ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn ẹbí tó ni ilẹ̀ láyé àtijọ́ ńkọ́, àwọn Àwórì tó jẹ́ pé Ìṣẹrì ni wọ́n ti tàn ká? Wọ́n ṣì ń tà. Ìjọba ń sọ pé tòun ni, ẹbí ń sọ pé ti bàbá àwọn ni, ẹni tó ń ra ilẹ̀ wá há sáàárín.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ṣángíṣà, tí kò jìnnà sí Ọmọ́lé Phase 2. Àwọn ènìyàn ní ilẹ̀ níbẹ̀, wọ́n kọ́lé sí i, wọ́n ń gbénú rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ àti ìyàwó. Láti oṣù kẹfà 1984 títí di oṣù karùn-ún 1985, láyé ológun, katapílà ìjọba wọ àdúgbò, ó wó ilé wọn lulẹ̀ bẹẹrẹ. Ìjọba ní ilẹ̀ ìjọba ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gé ilẹ̀ agbègbè yẹn sí púlọ́ọ̀tì, tó di ohun tí à ń pè ní Mágódò Phase 2 lónìí.

Àwọn tí wọ́n wó ilé wọn ò gbà. Wọ́n di ẹgbẹ́ kan, wọ́n gbé ìjọba lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga ní Ìkẹjà ní 1988. Nọ́ńbà ẹjọ́ náà ni ID/795/88. Ní December 31, 1993, adájọ́ dá wọn láre. Ó ní kí ìjọba fún wọn ní púlọ́ọ̀tì 549 ní Ṣángíṣà, kí wọ́n sì jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n máa pín ilẹ̀ fún. Ìjọba ní òun ò gbà. Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tún dá àwọn onílé láre ní 2001. Ìjọba gbé e dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Àbújá. Ní February 10, 2012, àwọn onílé ló tún jàre. Ẹ bá wa ka ọdún rẹ̀ o: láti 1984 dé 2012, ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ pọ̀n jáde nínú ilé lọ́jọ́ tí katapílà dé ti di ẹni tó ń pọn ọmọ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó pẹjọ́ ti kú.

Ṣé ó wá parí síbẹ̀? Rárá o. Ní December 21, 2021, nígbà tí àwọn ènìyàn ń ra adìyẹ Kérésìmesì, àwọn òṣìṣẹ́ kọ́ọ̀tù àti ọlọ́pàá wọ Mágódò Phase 2, wọ́n fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà ẹjọ́ sí ara ògiri àti géètì ilé àwọn tó ń gbé ibẹ̀, pé kọ́ọ̀tù ti gba ilẹ̀. Ọjọ́ kẹrin oṣù kìíní 2022 ni Gómìnà Sanwó-Olú fúnra rẹ̀ lọ síbẹ̀. Ó ní kí ọ̀gá ọlọ́pàá tó wà níbẹ̀ kó àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò. Ọ̀gá náà dá a lóhùn pé Àbújá ló rán òun. Gbogbo Nàìjíríà ló wo fídíò rẹ̀.

Ohun tó ń bani lẹ́rù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé kì í ṣe olè ló wà nínú àwọn ilé tí wọ́n kọ nǹkan sí lára. Wọ́n rà á ni. Wọ́n ní ìwé, ìwé ìjọba gan-an. Àwọn tó wá gba ilẹ̀ náà ní ìwé, ìwé kọ́ọ̀tù gan-an. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ń fọ́nnu pé òun ní ìwé kò tíì sọ nǹkan kan. Ìwé wo? Ta ló fún un? Ta ló wà lórí ilẹ̀ yẹn kó tó débẹ̀, báwo lẹni náà sì ṣe kúrò? Ìbéèrè kẹta yìí ni àwọn ènìyàn kì í bèèrè, nítorí éjẹ́ǹtì máa ń sọ pé ẹlòmíràn ti kó owó dání, ó ń bọ̀ lọ́la. Irọ́ ni o. Ẹlòmíràn ọ̀hún kì í dé.

Ká ní ìyá kan ti kó àjọ rẹ̀, wọ́n sì mú un lọ wo ilẹ̀ kan lẹ́yìn Òjodù. Ohun àkọ́kọ́ ni kó wá awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ, tí kì í ṣe èyí tí ẹni tó ń ta ilẹ̀ mú wá. Kí awọnlẹ̀ náà dé orí ilẹ̀, kó wọn ibi tí ilẹ̀ wà gan-an. Ọ̀pọ̀ ló ń jìn sí kòtò níbí yìí: wọ́n á gba ìwé súfè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, wọ́n á gbé e lọ sí Aláùsá, Aláùsá á ní ìwé náà dára. Ìwé dára lóòótọ́, àmọ́ ilẹ̀ mìíràn ló wà fún. Òpó kọnkéré tó wà lórí ilẹ̀ ní nọ́ńbà lára. Kí nọ́ńbà yẹn bá tinú ìwé mu.

Lẹ́yìn èyí ni kó lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà àwọn awọnlẹ̀ ní Aláùsá, kí wọ́n wò ó bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ náà. Bí wọ́n bá sọ pé kọ́mítẹ́ẹ̀dì ni, èyí ni pé ìjọba ti ní ohun kan pàtó tó fẹ́ fi ṣe, kí ìyá náà di owó rẹ̀ mọ́ ìdí ìró, kó wọ mọ́tò padà sílé. Kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀. Bí wọ́n bá sọ pé ìjọba ti yọ̀ǹda ilẹ̀ náà padà fún ẹbí, èyí ti wà nínú gásẹ́ẹ̀tì. Kó rí gásẹ́ẹ̀tì náà, kó sì rí i dájú pé púlọ́ọ̀tì tirẹ̀ wà nínú ibi tí gásẹ́ẹ̀tì dárúkọ. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé gásẹ́ẹ̀tì abúlé kejì ni wọ́n ṣe fótókọ́pì rẹ̀ tí wọ́n ń gbé káàkiri. Ilé ìkówèésí ilẹ̀ náà wà ní Aláùsá kan náà, níbi tí wọ́n ti lè wò ó bóyá ẹlòmíràn ti forúkọ sílẹ̀ lórí ilẹ̀ ọ̀hún, tàbí bóyá ó ti fi yáwó ní banki. Láti Ọmọ́lé dé Aláùsá, kò gbowó mọ́tò púpọ̀. Ẹni tí kò bá lè lọ sí Aláùsá lẹ́ẹ̀mejì, kó má tíì ra ilẹ̀.

Bí ilẹ̀ náà bá jẹ́ ti ẹbí, ọ̀rọ̀ mìíràn tún nìyẹn. Ilé-ẹjọ́ ti sọ ọ́ tipẹ́ pé bí àwọn ọmọ ẹbí bá ta ilẹ̀ ẹbí tí olórí ẹbí kò fọwọ́ sí i, òfo ni títà náà. Bí olórí ẹbí bá sì tà á tí àwọn àgbà ìdí kọ̀ọ̀kan kò mọ̀, wọ́n lè lọ sí kọ́ọ̀tù kí wọ́n yí i padà. Nítorí náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó gun ọ̀kadà wá, tó ní bàbá òun ló ni gbogbo ibí yìí, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ bèèrè bàbá. Kí ẹ sì bèèrè arákùnrin bàbá. Kí wọ́n jọ fọwọ́ síwèé lójú lọ́yà yín, kí ẹ ya fọ́tò wọn bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ sí i. Owó ilẹ̀, kó gba banki kọjá. Owó tí ẹ kó fún wọn nínú báàgì, ta ni ẹlẹ́rìí rẹ̀?

Ẹ sì jẹ́ kó wà nínú ìwé pé owó ìpìlẹ̀, owó dẹ́kìn, owó òrùlé, gbogbo rẹ̀ ti wà nínú iye tí ẹ san. Ní August 2016, Gómìnà Ambọ̀dé fọwọ́ sí òfin kan tó dojú kọ àwọn ajagungbalẹ̀. Ẹni tó bá fi tipá wọ ilẹ̀ onílẹ̀ lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá gbára. Ẹni tó bá ń fipá gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́lé lè san owó ìtanràn tó tó mílíọ̀nù kan náírà, tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjì, tàbí méjèèjì. Àwọn tí ìjọba yàn láti gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ wà lábẹ́ iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ ní Aláùsá. Òfin dára. Àmọ́ ọmọ onílẹ̀ kì í ka ìwé òfin kó tó wá tú búlọ́ọ̀kù ká, ìdí nìyẹn tí ìwé tí àwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí fi wúlò ju ariwo lọ.

Ọ̀rọ̀ omi kò gùn. Ilẹ̀ tó bá pọ̀ lápá Ìṣẹrì àti Àkúté lówó pọ́ọ́kú, Odò Ògùn ló sábà máa ń jẹ́ kó pọ́ọ́kú. Ìsédò Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí ní 1983, máa ń tú omi sílẹ̀ nígbà òjò, odò á sì kún. Ní 2010, omi lé àwọn ará Ajégúnlẹ̀ lọ́nà Ìkòròdú jáde nílé. Ẹ má ra ilẹ̀ nínú ọyẹ́ láìpadà lọ wò ó nínú oṣù kẹsàn-án tàbí oṣù kẹwàá.

Ó dára, ilé ti dìde, ayálégbé ti wọlé. Ìyọnu mìíràn dé. Àwọn onílé ń ké pé ayálégbé ò sanwó, ayálégbé ń ké pé onílé fẹ́ fi owó ọdún méjì pa àwọn. Òfin ayálégbé tí Gómìnà Fáṣọlá fọwọ́ sí ní 2011 sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Fún ẹni tó ti ń gbénú ilé tẹ́lẹ̀ tó ń san lóṣooṣù, kò gbọdọ̀ bèèrè ju oṣù mẹ́fà lọ. Ibi tó dùn jù nínú rẹ̀ ni pé ẹni tó gbà á àti ẹni tó san án, àwọn méjèèjì ló jẹ̀bi: ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Bóyá èyí gan-an ni ayálégbé fi ń panu mọ́! Òfin náà yọ Ápápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island sílẹ̀. Kò yọ Ọmọ́lé. Kò yọ Ògbà, kò yọ Agége.

Ẹni tó fẹ́ lé ayálégbé ọlọ́dọọdún, tí wọn ò bá ti jọ kọ ohun mìíràn sínú ágíríméǹtì, òfin yẹn ní kó fún un ní ìwé oṣù mẹ́fà. Olóṣooṣù, oṣù kan. Lẹ́yìn náà ni ìwé ọjọ́ méje, lẹ́yìn ìyẹn ni kọ́ọ̀tù. Lándílọ́ọ̀dù tó bá gun orí ilé lọ ṣí páànù, tó yọ ilẹ̀kùn, tàbí tó gbé ọmọọ̀ta wá lé ènìyàn, òun fúnra rẹ̀ ti di ọ̀daràn. Òfin 2011 kan náà fi ìtanràn tó tó ₦250,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà sí i. Ẹ̀yin onílé, ó ń dunni lóòótọ́ kí ènìyàn máa gbé ilé ẹni lọ́fẹ̀ẹ́, pàápàá ìyá opó tó jẹ́ pé owó yàrá mẹ́ta ló ń jẹ. Ibi tó yẹ kí irú ìyá bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ lọ ni ọ́fíìsì àwọn onílàjà tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ ní 1999, tí wọ́n ń pè ní Citizens' Mediation Centre. Wọn kì í gba kọ́bọ̀. Wọ́n á pe ayálégbé, wọ́n á jọ jókòó, wọ́n á kọ ọjọ́ tí yóò san sílẹ̀, yóò sì fọwọ́ sí i. Lọ́yà kì í sábà rán ènìyàn lọ síbẹ̀. Ẹ mọ ìdí rẹ̀.

Èyí tó kù wá jẹ́ ti àwọn obìnrin, òun ló sì wúwo jù. Ọ̀pọ̀ ilé ló wà láàárín Òjodù àti Agége tó jẹ́ pé owó ata, owó ẹja àti owó aṣọ títà ló ra bọ́ọ̀lù sìmẹ́ńtì rẹ̀, tó sì jẹ́ pé orúkọ ọkọ nìkan ló wà nínú risíìtì. Bí ọkọ bá wà láàyè, kò sí wàhálà. Bó bá kú láìkọ ìwé ìpíngún, tó sì jẹ́ pé ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ni wọ́n ṣe, àṣà Yorùbá tí kọ́ọ̀tù ń tẹ̀ lé kò jẹ́ kí ìyàwó jogún ilé ọkọ. Àwọn ọmọ ló ń jogún.

Báwo ni àwọn ọmọ ṣe ń pín in? Ẹjọ́ Dáwódù ló fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Súbérù Dáwódù kú ní Èkó ní nǹkan bí 1940, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀, kò ṣe ìwé. Àwọn kan ní kí wọ́n pín in ní orí-ò-jorí, ọmọ kọ̀ọ̀kan kó gba tirẹ̀ lọ́gbọọgba. Àwọn kan ní rárá, ìdí-igi ni, ìdí ìyàwó kọ̀ọ̀kan kó gba ìpín kan. Wọ́n jà á dé ilé-ẹjọ́ àwọn aláwọ̀ funfun ní Lọ́ńdọ̀nù, tó sì sọ ní 1962 pé ìdí-igi ni àṣà, àyàfi bí olórí ẹbí bá rí i pé ìjà wà, tó wá ní kí wọ́n pín in ní orí-ò-jorí. Ẹ wá rò ó: ìyá tó bí ọmọ mẹ́fà, tó jẹ́ pé owó rẹ̀ ló kọ́lé, ìpín kan ni ìdí rẹ̀ máa gbà. Orogún tó dé lánàá, tó bí ọmọ kan, ìpín kan náà.

Ti àwọn tó ṣe ìgbéyàwó kọ́ọ̀tù yàtọ̀: bí ọmọ bá wà, òfin ìpínlẹ̀ Èkó fún ìyàwó ní ìdá kan nínú mẹ́ta, àwọn ọmọ gba ìyókù. Ti Mùsùlùmí tí wọ́n ń pín ogún ní ìlànà ẹ̀sìn, àwọn ìyàwó lápapọ̀ gba ìdá kan nínú mẹ́jọ bí ọkọ bá fi ọmọ sílẹ̀. Àmọ́ bí orúkọ ìyá náà bá ti wà nínú ìwé ilẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìpín tirẹ̀ kì í ṣe ogún rárá. Ohun ìní rẹ̀ ni. Ọjọ́ tí lọ́yà ń kọ ágíríméǹtì ló yẹ kó sọ ọ́, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, pé ọkọ òun àti òun làwọn jọ ń rà á. Kó sì tọ́jú risíìtì bọ́ọ̀lù sìmẹ́ńtì àti ti páànù tó bá fi owó rẹ̀ rà.

Bí risíìtì bá ti wà lórúkọ bàálé nìkan tẹ́lẹ̀, bàálé ṣì lè ṣe ìwé ìpíngún. Àwọn ọkùnrin kan máa ń sọ pé ẹni tó bá ṣe é ń fi ọwọ́ pe ikú. Dáwódù kò ṣe é, ikú kò sì torí ìyẹn yà á sílẹ̀. Kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí ìwé náà lójú ẹni tó ṣe é, kí àwọn ẹlẹ́rìí náà má sì sí lára àwọn tó máa jogún, kí wọ́n sì fi í pamọ́ sí ọ́fíìsì ìwé ìpíngún ní ilé-ẹjọ́ gíga, Ìkẹjà.